Ọ̀mì Kaduna

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ti ń gbóná jù ní Ìkọ̀lé, ẹ má wulẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù. Ẹ lọ gẹrun.

Ní sáà tó kọjá, ẹ̀ka tiwa àti ẹ̀ka kan tí mi ò ní dárúkọ gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ti líìgì o, bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ ni, àmọ́ wọ́n gbé ife sílẹ̀. Òdo sí òdo ló parí sí. Orúnkún bó, ṣòkòtò ya, kò sẹ́ni tó rí àwọ̀n. Wọ́n ní ká gbá pẹ́nárítì, wọ́n sì fi gba ife lọ́wọ́ wa. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni họ́sítẹ́ẹ̀lì ti pín sí méjì. Àwọn kan ní wọ́n nà wá. Àwa kan ní ọ̀mì la gbá, pé pẹ́nárítì kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ yìí ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi gbé dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ìkọ̀lé. Bàbá tó ń gẹrun níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Alàgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa títí, ó pa ẹ̀rọ ìgẹrun, ó wá wò wá bí ẹni ń wo ọmọ tó ní òjò pa òun, tó jẹ́ pé ìrì ló sẹ̀ sí i lára.

"Èyí náà lẹ̀ ń pè ní ọ̀mì? Ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀mì Kaduna."

Kó tó tan ẹ̀rọ padà, ẹnì kan ti dá a lóhùn láti ìsọ̀ kejì, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò. "Alàgbà, ọ̀mì wo? Ẹni tó lọ sí fáínà ló nà. Ẹni tó lọ sílé ni wọ́n nà." Ọmọ Ìgbò ni ọ̀gá yìí, láti ìhà Enugu. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé Ìkọ̀lé, Yorùbá rẹ̀ sì mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, àwa tí a kì í lè sọ gbólóhùn kan láìfi "guy" sí i.

Irun mi ku apá kan. Mo jókòó jẹ́jẹ́, mo ń gbọ́.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí rèé. Ní 1977, ẹgbẹ́ méjì láti Nàìjíríà pàdé ní semi-fáínà ìdíje African Cup Winners' Cup: IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, àti Rangers International ti Enugu. Ìpàdé méjì ni wọ́n gbá. Èkíní, òdo sí òdo. Èkejì, tí wọ́n gbá ní Kaduna, òdo sí òdo. Odindi ìṣẹ́jú 180, kò sẹ́ni tó mi àwọ̀n ẹnì kejì. Pẹ́nárítì ló yà wọ́n. Rangers jẹ 4, Shooting Stars jẹ 2. Rangers lọ sí fáínà, wọ́n na Canon ti Yaoundé 4-1, wọ́n gbá 1-1 nínú ìpàdé kejì, wọ́n gbé ife lọ sí Enugu.

Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí náà ni ẹ máa rí i níbi tí wọ́n kó èsì bọ́ọ̀lù jọ sí, ìlà kan péré. Ọdún tí mo wà ní jáḿbìtò ni mo kọ́kọ́ rí ìlà yẹn, mo kàn rékọjá rẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ ka òdo sí òdo?

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sún sẹ́yìn díẹ̀. Shooting Stars kì í ṣe ẹgbẹ́ lásán lọ́dún yẹn. Lọ́wọ́ wọn ni ife náà wà. Ní 1976 ni wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀, 4-1. Tonnerre wá fi 1-0 nà wọ́n nínú ìpàdé kejì, ó bọ́ sí 4-2. Bí Shooting Stars ṣe di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Ṣégun Ọ̀dẹ́gbàmí, tó kàwé ní Pólì Ìbàdàn, wà níbẹ̀. Múdàṣírù Lawal wà níbẹ̀, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì rí kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ò lè dúró de iṣẹ́ ìjọba, ẹ gbọ́ o.)

Ìyẹn sì ni ọdún tí wọ́n fọ́ Western State sí mẹ́ta. Ní February 1976, Ọ̀yọ́ dá dúró, Ògùn dá dúró, àwa tó wà ní Èkìtì bọ́ sí Oǹdó. Alàgbà ní ìjọba kúrò ní Ìbàdàn lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù ò kúrò. Láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, tí Shooting Stars bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ilé ẹni tó bá ní rédíò alábátìrì lèrò máa ń kún sí. Ilé ìwé girama lòun wà nígbà yẹn. Ilé ẹnì kan tó ń ra kòkó lòun ti gbọ́ ọ̀mì Kaduna. Ó ní nígbà tí pẹ́nárítì parí, ọkùnrin yẹn pa rédíò, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn wọlé lọ.

Ní ti Rangers, ọdún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ ka ọdún yẹn dáadáa. January 1970 ni ogun Biafra parí. Àwọn tó ṣẹ́gun ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, àmọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ jó mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Láàárín ọdún kan náà ni wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ ní Enugu, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1975 wọ́n dé fáínà ìdíje tó ga jù ní Áfíríkà, Hafia ti Guinea ló dá wọn dúró. Christian Chukwu ni balógun wọn, ẹni tí Ernest Okonkwo, asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, sọ ní "Chairman". Òun náà ló sọ Ọ̀dẹ́gbàmí ní "Mathematical". Emmanuel Okala ló ń ṣọ́ ilé, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń sọ pé kò nílò àtifò.

Ọdún méje péré ló wà láàárín òpin ogun àti ìpàdé Kaduna. Ọdún méje! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ogun parí ò tíì jáde prámárì. Èyí ló fà á tí ọkàn àwọn aláṣẹ ò fi balẹ̀. Ìjọba ológun ló wà lórí àléfà, Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ni olórí. Tí Yorùbá àti Ìgbò bá kóra wọn jọ sí pápá kan, tí wọ́n wá já ẹnì kan kulẹ̀ ní ojú ilé rẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lójú títì lálẹ́ ọjọ́ náà? Wọ́n gbé ìpàdé kejì lọ sí Kaduna, ìlú tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Mo sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn jáde lẹ́nu nínú ìsọ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo sọ. Ọ̀gá onípáàtì gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni? Kaduna ni bàbá mi ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ṣòwò, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyá mi. Ní 1966 ló sá, ó fi ilé, ó fi ọjà sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀. Nígbà tí wọ́n ní Kaduna ni Rangers máa ti gbá bọ́ọ̀lù, bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Àwa ọmọ là ń gbọ́ ọ. Nígbà tí pẹ́nárítì wọlé, a hó. Ó jáde síta, ó ní ṣé wọ́n ti jáde kúrò níbẹ̀ báyìí? Ṣé àwọn ọmọ yẹn ti kúrò ní Kaduna? Ohun tó bèèrè nìyẹn. Kò bèèrè ẹni tó borí."

Ìsọ̀ dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe History tàbí Government mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ìgbò ní ilẹ̀ Àríwá ní 1966, bí wọ́n ṣe pa wọ́n, bí àwọn tó kù ṣe ń rọ́ padà sí Ìlà-Oòrùn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì tó dáa. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti so ó pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn aláṣẹ ń bẹ̀rù ìjà Yorùbá àti Ìgbò, wọ́n wá ìlú tí ò ní ẹjọ́ nínú, wọ́n mú ìlú tí ẹjọ́ ti pọ̀ jù. Bóyá wọ́n rò ó, bóyá wọn ò rò ó. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà, ó parí sí ọ̀mì, àwọn ọmọ Enugu sì délé. Ní tèmi o, nígbà tí wọ́n bá ń ka ohun tí ìpàdé náà mú wá, ó yẹ kí wọ́n ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

Alàgbà ò tètè fèsì. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ọrùn mi, ó gbá a títí ó fi ń ta mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Láti ọdún yìí wá tá a ti ń jà, o ò sọ èyí fún mi rí."

"O ò bèèrè. Ọ̀mì, ọ̀mì, ọ̀mì lo máa ń wí."

Ẹ̀rín pa wá. Ara tún tu èèyàn díẹ̀, ni àríyànjiyàn bá tún gbérí. Nígbà tí mo délé, mo wádìí ọ̀rọ̀ pẹ́nárítì náà, torí ìtìjú ni kéèyàn máa jiyàn lórí ohun tí kò mọ̀dí rẹ̀. Ọdún 1970, ọdún Rangers gan-an, ni IFAB, àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi pẹ́nárítì mọ ẹni tó máa tẹ̀síwájú. Kó tó dìgbà náà, wọ́n máa ń ju owó ẹyọ sókè nígbà mìíràn. Ní 1968, nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, Ítálì àti Soviet Union gbá òdo sí òdo ní Naples, owó ẹyọ ló gbé Ítálì dé fáínà. Òfin sì là á pé pẹ́nárítì ọ̀hún kì í ṣe ara ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ìyẹn ni pé Alàgbà jàre nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ọ̀mì gan-an, nídìí ayò la ti ń lò ó: ọmọ ayò tí ẹ jẹ dọ́gba, kò sí ọ̀ta, kò sí òpè. Ṣùgbọ́n ọpọ́n ayò kì í gbé ife fúnni. Ọ̀gá onípáàtì náà jàre.

Kí Alàgbà má rò pé mo fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé pẹ́nárítì tún dárà fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1996, ọdún tí Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀, Shooting Stars dé fáínà ìdíje tó ga jù ní Áfíríkà. Wọ́n na Zamalek ti Egypt 2-1 ní Ìbàdàn, Zamalek nà wọ́n 2-1 ní Cairo, pẹ́nárítì gbé ife lọ, 5-4. Alàgbà kì í sọ ti 1996. Tí ẹ bá fẹ́ kó gẹ irun yín dáadáa, ẹ̀yin náà ẹ má sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn méjèèjì ò jà sí. Ní 22 March 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria 3-0 láti gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀dẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Lawal jẹ ọ̀kan. Chukwu ni balógun. Best Ogedegbe ti Shooting Stars wà lẹ́nu ilé, Okala ti Rangers jókòó sẹ́yìn tó ń wò ó. Nínú àwọn yìí, Múdà Lawal kú ní 1991, Ogedegbe kú ní 2009. Nígbà tí Chukwu kú ní April 2025, Alàgbà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò. Òun ló rìn lọ sí ìsọ̀ kejì lọ sọ ọ́, ó jókòó lórí àpótí páàtì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, kì í ṣe òun.

Nígbà tí irun mi parí, mo na owó sí Alàgbà. Ọ̀gá onípáàtì ní kí n dá owó mi padà sápò, òun máa san án, pé nílé bàbá òun, ẹni tó bá borí ló ń náwó.

"Ta ló borí?" ni Alàgbà wí, ó sì tún pa ẹ̀rọ. Oníbàárà tó kàn, tí wọ́n ti gẹ ìdajì orí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.