Pupa Ẹyin, Àkèré Nàìjíríà àti Omi Igbókọ̀dá

Ọ̀kan nínú yín tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Igbókọ̀dá bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé: "Prof, kí ni ìtàn pupa ẹyin fẹ́ ṣe fún ọmọ apẹja?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn náà gan-an dá a lóhùn.

Ní 1842, àwọn ọmọ Faransé méjì, Dumas àti Cahours, yọ purotéènì kan nínú pupa ẹyin adìẹ, wọ́n sì sọ ọ́ ní vitelline. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n pè é, àṣé àdàlù ni. Ó di 1949 kí Mecham àti Olcott ní Amẹ́ríkà tó ya phosvitin sọ́tọ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ phosphorus, ó sì máa ń di irin mú ṣinṣin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yà á? Ẹ fi omi oníyọ̀ díẹ̀ la pupa ẹyin, kí ẹ fi ẹ̀rọ yí i bírí-bírí. Àwọn hóró kéékèèké á rọ̀ sísàlẹ̀. Inú wọn ni phosvitin àti ẹnìkejì rẹ̀, lipovitellin, wà. Tí ẹ bá wá fi kún iyọ̀ náà, hóró á tú ká, ẹ ó sì rí ọ̀nà ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Iyọ̀ lásán o!

Ní àwọn ọdún 1960, Robin Wallace àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ẹyin àkèré. Àwọn méjì yìí náà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí kírísítálì. Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, mo rò pé inú ilé ẹyin ni wọ́n ti ń ṣe é. Rárá, ẹ̀dọ̀ ni! Ẹ̀dọ̀ á ṣe purotéènì ńlá kan, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ, ẹyin á gbà á wọlé, á sì gé e sí wẹ́wẹ́. Vitellogenin ni orúkọ rẹ̀. Ara kòkòrò ni Pan, Bell àti Telfer ti kọ́kọ́ lo orúkọ yẹn, ní 1969.

Ibi tó dùn níbẹ̀ rèé: akọ náà ní jíìnì yìí, ó kàn ń sùn ni. Ẹ fún akọ àkèré ní estrogen, họ́mọ̀nù abo, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun èlò ẹyin tí kò ní yé láéláé.

Ní 1994, Purdom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn há ẹja sínú àgò, àwọn sì rì í sínú omi tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ní Ìlú Ọba. Vitellogenin lọ sókè fíofío nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja náà. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti bá a nínú ẹ̀jẹ̀ akọ ẹja, wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan ti wọ omi.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ jíìnì Xenopus tropicalis jáde ní 2010, abo àkèré ìran Nàìjíríà ni wọ́n lò. Àkèré wa ti di ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Ṣé àwa nìkan ni kò ní kà á ni?

Nítorí náà, ìwọ tìṣà Igbókọ̀dá, pín pupa ẹyin kan sí ife méjì lójú àwọn ọmọ. Bu iyọ̀ sí ọ̀kan, kó o rò ó. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á ki, á sì mọ́ gaara ju èkejì lọ: hóró ti tú nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kó o sọ fún wọn pé akọ ẹja tí ìyá wọn ń tà lọ́jà ní ẹ̀jẹ̀ tó lè jẹ́rìí omi tí bàbá wọn ń na àwọ̀n sí. Ọmọ apẹja ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ̀rí yẹn.