Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ṣe lè fi íntánẹ́ẹ̀tì wá owó

Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni àwọn ará abúlé tó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ti ń dáwó jọ láti fi tún ìlú ṣe. Ní báyìí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn wà lókè òkun, íntánẹ́ẹ̀tì lọ̀nà tó yá jù láti bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fojú rí iṣẹ́ kì í dédé fowó sílẹ̀.

Nígbà ìwọ́de EndSARS lóṣù kẹwàá ọdún 2020, Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan, kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń kéde iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n ná an lé lórí, èyí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn fọkàn tán wọn.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà lára àkáǹtì, kì í ṣe ti alága. Kí wọ́n sọ iye tí iṣẹ́ yóò ná, kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn, kí wọ́n sì jíyìn kí wọ́n tó tún tọrọ òmíràn.