Òfin Ẹnu Ọ̀nà Kàtídírà Màrínà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá wo Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Màrínà, ẹ fi ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín àti àwọn ẹbí wọn. Ẹ wá láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí obìnrin wé gèlè tàbí kó fi ìborùn bo orí. Ẹ pa fóònù yín, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé kí ẹ tó ya fọ́tò.

Òfin yìí máa ń bí àwọn ọ̀dọ́ mìíràn nínú. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, mi ò gbà. Màmá Àgbà tó tọ́ mi ló máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, tó máa ń tú ṣùkú orí mi bí Ẹ̀yọ̀ bá fẹ́ jáde, torí èèwọ̀ Adámú Òrìṣà, bí a ṣe tún ń pe Ẹ̀yọ̀, ni méjèèjì, bíi sìgá àti kẹ̀kẹ́. Màmá yìí kan náà ló máa ń nu bàtà mi títí á fi dán kó tó mú mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ọlá bá wà l'Ékòó, òfin wà níbẹ̀.

Ọlá Kàtídírà yìí ti pẹ́. Ní 29 oṣù Kẹta ọdún 1867 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní Màrínà. Èyí tó dúró lónìí, Bagan Benjamin ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Ọba Edward Kẹjọ fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 21 oṣù Kẹrin 1925. Ogun Hitler dé, ó lọ, wọn ò tíì parí rẹ̀, àfi ní 1946. Ibẹ̀ ni T. K. Ekúndayọ̀ Phillips ti tẹ dùùrù láti 1914 títí di 1962, òun ló sì kọ́ Fẹlá Ṣówándé, tó padà di gbajúmọ̀ olórin, lórin ní kékeré.

Àmọ́ Àjàyí Crowther ni mo fẹ́ kí ẹ torí ẹ̀ wá. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló sì ṣaájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá. Nígbà tó kú l'Ékòó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ní 1971, ìjọba ológun tú itẹ́ náà láti fi kọ́ ọ́fíìsì. Katapílà ò mọ sàárè ẹni ńlá yàtọ̀. Seth Kale, Bíṣọ́ọ̀bù Èkó nígbà náà, kàn sí ẹbí Crowther kí wọ́n lè gbé òkú rẹ̀ kúrò, síbẹ̀ ó di 1976 kí wọ́n tó tún òkú rẹ̀ sin sí Kàtídírà. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n jọ sùn ní Ajẹ́lẹ̀ ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àìsí òfin ṣe nìyẹn. Nítorí náà, ẹ ṣí fìlà yín tọkàntọkàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìrántí Crowther hàn yín, kí ẹ ka orúkọ rẹ̀ sókè fún ọmọ tó bá yín wá. Ẹ jẹ́ ká pa òfin ilé yìí mọ́, kí ìyókù ìtàn wa má bàa bá ti Ajẹ́lẹ̀ lọ.