Bí Ọmọ Aráyé Ṣe Kọ́ Láti Má Ṣe Kọlu Ara Wọn Lójú Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa lónìí jẹ mọ́ ìtàn, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni ó kàn. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láì fara kanra. Òwe ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. A máa ń pa á fún oníṣòwò méjì tí wọ́n bá ń ṣe ìlara ara wọn, a sì máa ń pa á fún àwọn olóṣèlú. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ojú ọ̀run tó ọkọ̀ òfúrufú náà fò bí ó ti tó ẹyẹ? Bí kò bá tó, kí ni ọmọ aráyé ti ṣe sí i, kí sì ni ó ná wọn kí wọ́n tó rí i ṣe?

Ẹni tí ó bá mọ Sàǹgó-Ọ̀tà dáadáa yóò tètè rí ibi tí ìṣòro náà wà. Ọ̀nà láti Èkó sí Abẹ́òkúta gùn, ó sì fẹ̀. Àyè gba ọkọ̀ akẹ́rù méjì lórí rẹ̀ láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé oríta Sàǹgó, níbi tí ọ̀nà Ìdírókò ti yà, tí ọkọ̀ tí ó kó ọjà jáde láti àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà bá pàdé èyí tí ó ń gbé ohun èlò wọlé, àyè a wá di tóóró. Ilẹ̀ kò kéré. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ọ̀run rí. Òkè lọ́hùn-ún gbòòrò, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ há. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìkọlura àwọn ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké ni ó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí pápákọ̀, lójú ọ̀sán gangan, nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere.

Àwọn ará Ọ̀tà kò ṣàjèjì sí ariwo bàálù, nítorí pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò jìnnà sí wọn. Wọn kò sì ṣàjèjì sí ìbànújẹ́ tí bàálù lè mú wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ òfúrufú Bellview tí ó gbéra láti Ìkẹjà lọ sí Abuja já lulẹ̀ ní abúlé Lísà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ènìyàn 117 sì kú. Ìjàǹbá Lísà kì í ṣe ti ìkọlura, nítorí náà n kò ní fi ṣe ẹ̀rí. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an ni ti Ejìnrìn, a ó sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1925 ni àwọn ọkọ̀ òfúrufú ọmọ ogun òyìnbó, tí wọ́n wá láti Cairo, balẹ̀ sí Kano. Lákòókò náà, ojú lásán ni awakọ̀ òfúrufú fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Pápá kéékèèké tí ìjọba amúnisìn là sílẹ̀, irú èyí tí ó wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, kò rí ọkọ̀ tí ó pọ̀ lójúmọ́ kan. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Chicago, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1944, ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé. Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1960, nígbà tí ó gba òmìnira.

Àwọn òfin tí ó ti ibẹ̀ jáde rọrùn láti gbọ́ yé. Bí ọkọ̀ méjì bá kojú ara wọn, kí oníkálukú yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ọ̀nà wọn bá fẹ́ dábùú ara wọn, ẹni tí ó rí ẹnìkejì ní apá ọ̀tún ara rẹ̀ ni yóò yọ̀ǹda ọ̀nà. Bí méjì bá ń bọ̀ wá balẹ̀, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ni ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ yìí já wọ iwájú ẹlòmíràn.

Ní pápá tí kò ní ilé-ìṣọ́, níbi tí kò sí olùdarí tí yóò sọ pé kí lágbájá dúró, kí tàmẹ̀dò máa bọ̀, àwọn awakọ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe olùdarí. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ ya wọlé láti ibi tí ó bá wù ú. Yóò kọ́kọ́ wo àpò aṣọ tí ń fi hàn ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, yóò fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ní nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ilẹ̀, yóò yà sí ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan, yóò tún yà lẹ́ẹ̀kejì, kí ó tó kọjú sí ojú ibi tí yóò balẹ̀ sí. Nítorí pé ipa ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀, oníkálukú mọ ibi tí ó yẹ kí ó máa wá ẹnìkejì sí. Láti nǹkan bí máìlì mẹ́wàá ni yóò sì ti máa kéde lórí rédíò: orúkọ pápá, irú ọkọ̀ tí òun ń wà, ibi tí òun wà, ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé ojú kò tó ni? Kò tó. Bí ọkọ̀ kéékèèké méjì bá kojú ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá 100 máìlì ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 18 péré ni wọn yóò fi jẹ máìlì kan tí ó wà láàárín wọn tán. Èyí tí ó tún burú ni pé ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ wá kọlu ènìyàn kì í rìn lójú fèrèsé. Èyí tí ó bá ń sún sí òsì tàbí sí ọ̀tún yóò kọjá lọ. Èyí tí ó bá dúró lójú kan, tí ó kàn ń tóbi sí i, òun ni ikú. Ojú ènìyàn sì tètè máa ń rí ohun tí ó ń rìn ju ohun tí ó dúró lọ. Bákan náà, ọkọ̀ tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kò rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí apá rẹ̀ wà lókè kò rí ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá wà lókè èkejì, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí èyí tí yóò rí ẹnìkejì rẹ̀.

Amẹ́ríkà fi ẹ̀mí ra ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1956, ọkọ̀ ńlá méjì kọlu ara wọn lókè Grand Canyon, ènìyàn 128 sì kú. Ọdún 1958 ni wọ́n ṣe òfin tí ó fi àkóso òfúrufú sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, bàálù kékeré tí ó gbé ènìyàn mẹ́ta wọ agbègbè tí kò gba àṣẹ láti wọ̀, ó sì kọlu ọkọ̀ Aeroméxico lókè Cerritos. Ènìyàn 82 ni ó kú, 15 nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba fi dandan lé e pé kí àwọn ọkọ̀ akérò ńlá ní ẹ̀rọ tí ń bá ẹ̀rọ inú ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀, tí yóò sì pàṣẹ fún ọ̀kan láti gòkè àti fún èkejì láti sọ̀ kalẹ̀.

Nísinsìnyí a dé Ejìnrìn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ọkọ̀ Boeing 727 ti ilé-iṣẹ́ ADC ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó. Ọkọ̀ Triax kan gbéra láti Èkó, ó ń lọ sí Enugu. Olùdarí tí ó wà nílẹ̀ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti fún ọkọ̀ ADC láṣẹ láti sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí ó wà lọ; kò sì tíì fún un. Nígbà tí àwọn awakọ̀ ADC rí i pé ewu dé tán, wọ́n yà lójijì láti yẹra. Ọkọ̀ náà yí ju bí ó ti yẹ lọ, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì dojú délẹ̀ sí agbègbè Ejìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Èrò 134 àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 10 ni ó kú, kò ku ẹyọ ẹnì kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake, onímọ̀ nípa ètò ìṣèlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Áfíríkà, wà lára wọn. Ọkọ̀ kejì kò tilẹ̀ fara gbọgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo èyí. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì kò kan ara wọn. Ìyẹra tí ó pẹ́ jù ni ó pa àwọn ènìyàn náà. Olùdarí sì wà lẹ́nu iṣẹ́, rédíò sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó sọnù ni ìmọ̀ kan náà tí ó yẹ kí ó wà lọ́kàn gbogbo wọn: ta ni ó wà níbo, báwo ni ó ti ga tó. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kan náà, ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn ní Charkhi Dadri ní ilẹ̀ Íńdíà, ènìyàn 349 sì kú, nítorí pé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí a ní kí ó dúró sí lọ.

Nàìjíríà ṣe àtúnṣe. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2010, wọ́n ti parí ètò rédà tí ó kárí òfúrufú orílẹ̀-èdè wa, kí olùdarí lè fi ojú rí ohun tí ó jẹ́ pé etí nìkan ni ó fi ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kò ní gbà wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2002, ní Überlingen ní ilẹ̀ Jámánì, ẹ̀rọ sọ fún awakọ̀ kan pé kí ó gòkè, olùdarí sì sọ fún un pé kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọ́ ti olùdarí. Ènìyàn 71 ni ó kú, ọmọdé sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti fi ohùn ṣọ̀kan pé bí ohùn méjì bá takora, ti ẹ̀rọ ni kí awakọ̀ tẹ̀ lé.

Bí a bá pa gbogbo ìtàn yìí pọ̀, a ó rí i pé òwe àwọn àgbà kò parọ́, ṣùgbọ́n ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa. Ẹyẹ kò ní ibi kan ṣoṣo tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí, ènìyàn ní. Pápá tí kò ní ilé-ìṣọ́, tí awakọ̀ mẹ́rin ti ń tọ ipa kan náà, tí wọ́n sì ń sọ òtítọ́ ibi tí wọ́n wà, lè ní ààbò ju òfúrufú tí olùdarí rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó rò pé òun ti sọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò wa láti ibí yìí: ní oríta Sàǹgó, ní ilé-iṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́, mélòó ni àṣẹ tí a gbà lọ́kàn pé a ti pa, tí a kò sì béèrè bóyá ẹni tí a pa á fún gbọ́ ọ?