Nígbà tí kálísíọ̀mù bá dì bí ẹfun sára aláìsàn àtọ̀gbẹ

Bí àtọ̀gbẹ bá ti pẹ́ lára èèyàn, ẹsẹ̀ wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ ké gbàjarè. Pajápajá yóò máa mú un, àtẹ́lẹsẹ̀ yóò máa ta bí abẹ́rẹ́, títí tí onítọ̀hún yóò fi tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ tí kò ní í mọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé ṣúgà ló ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Èyí tí wọn kì í sábà gbọ́ ni pé bí àìsàn náà bá tún ba kíndìnrín jẹ́, kálísíọ̀mù, èròjà tó yẹ kó mú eegun le, lè lọ dì sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kíndìnrín tó ti dẹnu kọlẹ̀ kò lè da àpọ̀jù fọ́sífétì inú oúnjẹ sínú ìtọ̀ mọ́, kò sì lè sọ fítámì D di èyí tí ara lè lò. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ yóò dín kù. Àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké mẹ́rin tó wà nínú ọrùn yóò wá máa tú họ́mọ̀nù jáde láti fa kálísíọ̀mù yọ nínú eegun. Bí èyí bá pàdé fọ́sífétì, wọn yóò dì bí ẹfun.

Ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù. Dókítà ará Jámánì kan, Johann Georg Mönckeberg, ṣàlàyé irú rẹ̀ lọ́dún 1903. Ó lè tan oníṣègùn gan-an jẹ: iṣan tó ti le kì í fún pọ̀ bí wọ́n bá ń wọn ìfúnpá ní ọrùn ẹsẹ̀, yóò wá dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ dáadáa nígbà tí kò dé ibẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ti iṣan ìmọ̀lára ṣọ̀wọ́n. Àwọn oníṣègùn tó gé bíńtín lára rẹ̀ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù ti rí kálísíọ̀mù nínú awọ tó wé mọ́ àwọn fọ́nrán rẹ̀, lára àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ kan tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ dá oògùn kálísíọ̀mù rà ní kẹ́míìsì torí pé eegun ń dùn ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Dókítà lè fún aláìsàn ní oògùn tí ń dì mọ́ fọ́sífétì nínú ìfun. Àárín oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe lórí ìyàn. Òmíràn nínú wọn sì rèé, kálísíọ̀mù náà ni wọ́n fi ṣe é! Dókítà ló ń wo èsì àyẹ̀wò kó tó sọ èyí tí aláìsàn yóò lò àti iye rẹ̀.