NAS

NAS ni kọ̀ǹpútà tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó tọ́jú fáìlì, kí ó sì máa pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kátúùnù mọ rírì rẹ̀ dáadáa. Àwòrán 24 ni fíìmù ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ń pín iṣẹ́ yíya àwọn àwòrán náà ṣe. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá fáìlì ní àdírẹ́sì kan náà. Bí ọ̀kan bá ń fi lẹ́tà Z pe NAS, tí èkejì ń fi X pè é, fáìlì àwọ̀ yóò dàwátì: nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe kátúùnù, pínńkì ni ara ẹ̀dá inú eré yóò jáde, gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ á sì ṣòfò. Lójú tèmi, àdírẹ́sì kan náà yìí ṣe pàtàkì ju bí ààyè inú NAS ṣe tóbi tó lọ.

Wáyà gigabit kan kò lè gbé ju megabyte 125 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí kọ̀ǹpútà 20 bá jọ béèrè fáìlì, díẹ̀ lé ní 6 ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń fa wáyà gigabit 10 sí NAS.

RAID, ìyẹn ètò tó so àwọn dísíìkì inú NAS pọ̀, lè gbà wá lọ́wọ́ dísíìkì tó kú. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ ẹni tó ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́. Ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn.