Ìtàn Àtìpó àti Ogunléndé: Láti Mẹ̀dínà dé Mile 12

    

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn àwọn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ ni, yálà ogun ló lé wọn tàbí ebi, tàbí kí ìjọba ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé sọ pé kí wọ́n máa lọ. Àwa tí à ń gbé ní Kosofe kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Orúkọ Kétu tí à ń pè lójoojúmọ́ yìí, orúkọ ìlú ńlá àtijọ́ kan náà ni, ìlú ọmọ Odùduwà tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fọ́ ìlú náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, àwọn tó ráyè sì sá ká. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni wọ́n tó rí i tún tẹ̀dó. Ní ti Mile 12 ńkọ́? Tòmáàtì, ata àti àlùbọ́sà tí Èkó ń jẹ, láti òkè Ọya ni ọkọ̀ ti ń kó o wá, àwọn tó ń já a àti àwọn tó ń tà á kò sì wá láti ìlú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe àlejò níbẹ̀, kí ó ka bàbá rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa ná.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú wa. Ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà àwọn Kùráéṣì pọ̀ lápọ̀jù, Ànábì wa ní kí àwọn kan nínú àwọn tó gbàgbọ́ sá lọ sí ilẹ̀ Hábáṣà, èyí tí à ń pè ní Etiópíà. Sàyìdínà Uthman wà nínú wọn, àti Ruqayyah ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ànábì. Ọba ibẹ̀, Najashi, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni. Àwọn ará Mẹ́kà rán Amr ọmọ Aas tẹ̀lé wọn, ó kó ẹ̀bùn awọ dání kí ọba lè dá wọn padà. Ọba ní rárá, òun gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn àlejò náà kí òun tó dá ẹjọ́. Jáfárì ọmọ Abu Talib bọ́ síwájú, ó ro ẹjọ́ wọn, ó sì ka nínú Súrà Mariyama. Ọba dá ẹ̀bùn padà fún ẹlẹ́bùn, ó ní kí àwọn àlejò máa gbé ní àlàáfíà. Ó di ọdún 1951 kí ayé tó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ní Jẹ̀níífà pé kí á má dá ogunléndé padà sọ́wọ́ ẹni tó ń lépa rẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 622, Ànábì wa fúnra rẹ̀ ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ó so àwọn tó ṣí wá àti àwọn onílé pọ̀ ní ọmọ ìyá, ẹnì kan sí ẹnì kan. Wọ́n so Abdur-Rahman ọmọ Awf pọ̀ mọ́ Sáàdù ọmọ Rabi. Sáàdù lówó, ó ní kí àwọn pín ohun tí òun ní sí méjì ọgbọọgba. Abdur-Rahman ṣe àdúà fún un, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ọ̀nà ọjà han òun. Wọ́n júwe ọjà Banu Qaynuqa fún un. Ó lọ, ó rà, ó tà, ó sì gbé wàrà gbígbẹ àti bọ́tà bọ̀ wálé. Kò pẹ́ tó fi gbéyàwó, nígbà tó sì yá, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù láàárín àwọn sàábé.

Sáàdù la sábà máa ń yìn nínú ìtàn yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà náà pẹ̀lú. Bí ọjà bá ti Abdur-Rahman sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, àánú Sáàdù ni ìbá máa jẹ kiri títí. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni àlejò ń wá. Ó ń wá ibi tí yóò pàtẹ sí.

Ọ̀rọ̀ àtẹ yìí gan-an ló bá àwọn bàbá wa ní Gánà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Òfà, Ìnísà àti Ìlọrin ni wọ́n ti lọ, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ àti ohun pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ní Àkúrá, ní Kùmásì, títí dé Tamale ní òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì bí tiwọn. Nígbà tí owó kòkó wálẹ̀, tí gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, tí iṣẹ́ kò sí mọ́, ojú àwọn onílẹ̀ yí sí àtẹ àlejò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kẹ́rù wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní in, torí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí.

Inú oṣù ààwẹ̀ ni, ẹ̀yin ará wa. Ramadan ọdún 1389 ti wọlé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àṣẹ yẹn, gbèdéke ọ̀sẹ̀ méjì náà sì pé kí oṣù tó lé. Ẹ fojú inú wo ẹni tó gbààwẹ̀ lẹ́nu, tó ń lu ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo, tó ń wá ọkọ̀ fún ìyàwó àti ọmọ, tí àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sì ti mọ̀ pé ó ń lọ. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló jáde. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú ọmọ Nàìjíríà. Bí wọ́n dé ilé náà, kò rọgbọ. Àwọn ọmọ mìíràn gbọ́ Twi àti Haúsá ju Yorùbá lọ, ará ilé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kùmásì wá di ẹni tó ń tọrọ yàrá lọ́wọ́ àbúrò.

Ó yẹ kí èyí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kò kọ́ wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Shehu Shagari, Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni! Owó epo ló wálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n ní kó lọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì, nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ ọmọ Gánà: olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, aránṣọ, aṣebàtà, bíríkìlà. Èkó níbí la ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní ọdún 1975. Ẹnubodè tì, àwọn ènìyàn há sí Ṣẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu lábẹ́ oòrùn, kí Gánà tó ṣílẹ̀kùn ní ìparí oṣù náà. Àpò tí wọ́n fi kẹ́rù la sọ ní Ghana Must Go, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní láì ronú. Ní ọdún 1985 wọ́n tún lé àwọn mìíràn.

Àwọn kan ní ẹ̀san ni. A kò gbà. Ọmọ Gánà tó ń gán bàtà ní Èkó kì í ṣe Busia, Busia gan-an sì ti kú láti ọdún 1978. Wọ́n lé àlejò tán lápá méjèèjì, owó kò padà. Ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní oṣù Kìíní ọdún 1972, wọ́n gbà á lọ́wọ́ Shagari kí ọdún 1983 tó parí.

Ẹ má sì jẹ́ kí á máa wo ìjọba nìkan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, aáwọ̀ tó ti ìdí ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ ní Mile 12 di ìjà Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí sọnù, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, Gómìnà Ambode sì ti ọjà pa. Mùsùlùmí wà ní apá méjèèjì. Àwọn tó jọ ń to sọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Jímọ̀ ló ń sá fún ara wọn.

Lónìí, ìṣòro Boko Haram tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 ti tú ilé ká ní Bọ̀nọ́, ogun lé àwọn ará Kamẹrúùnù wọ Cross River láti ọdún 2017, ti Sudan sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ọmọkùnrin tó ń ti bàrò ní ọjà lè ti ní oko àti ilé níbi tó ti wá. Ẹ bi í.

Kí la wá lè ṣe? Onílé ń béèrè onídùúró, àlejò kò ní. Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tó ti mọ ènìyàn fún oṣù mélòó kan lè dúró fún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé kéú wa lè gba ọmọ rẹ̀ láì kọ́kọ́ béèrè owó, kí ó lè gbọ́ èdè kí wọ́n tó mú un lọ sí ilé ìwé. Owó alábàárù, ẹ san án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì gé e torí pé kò mọ iye tí àwọn yòókù ń gbà. Súrà Taoba, áyà 60, ka ọmọ ojú ọ̀nà mọ́ àwọn mẹ́jọ tó ni sàká, àmọ́ òun la máa ń fò nígbà tí a bá ń pín in. Ìyá olójà tó bá sì fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò kan ti ṣe ohun tí ìrẹsì ìṣínu kò lè ṣe.

Ó ku ti sàkátúl-fítírì, mudu mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, tó gbọ́dọ̀ jáde kí á tó kírun Yídì. Àwọn tó ń sùn nínú àhéré lẹ́yìn ọjà kò ní wá sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí láti béèrè. Wọn ò mọ Lèmọ́mù, wọn ò sì gbọ́ èdè wa. Kí àwọn tó ń pín in lọ bá wọn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí Yídì bá ku ọ̀la, kí wọ́n mú ẹni tó gbọ́ Haúsá dání, àti ẹni tó gbọ́ Faransé.